Aláìsàn Tó Ń Jẹun Lóṣù Ramadan: Ṣé Ìjọ́sìn Rẹ̀ Dín Kù?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Un, ẹni tó fún wa ní ẹ̀mí tó sì fún wa ní ẹ̀sìn. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ pátá. 

Bí oṣù Ramadan bá ti lé, gbogbo wa la mọ bí Ìbàdàn ṣe máa ń rí. Kí aago mẹ́rin òru tó lù ni gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí yóò ti máa jí àwọn ará Àgbówó àti Bódìjà fún sàárì. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, tí ọkọ̀ dì pọ̀ ní Dùgbẹ̀ àti ní Challenge, ẹni tí ìrun Màgàríbì bá lọ́nà yóò ti mú omi àti dàbínù lọ́wọ́. Bí àdáàní bá dún báyìí, èrò inú ọkọ̀ yóò máa pín ohun tó wà lọ́wọ́ fún ara wọn, ẹni tí wọn kò mọ̀ rí pàápàá yóò jẹ níbẹ̀. Adùn kan wà nínú kí ebi jọ pa gbogbo ilé, kí gbogbo ilé sì jọ ṣínu.

Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé, ẹnì kan wà tí kò sí nínú adùn yìí. Ó lè jẹ́ bàbá tó ní àtọ̀gbẹ, ó lè jẹ́ ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, ó sì lè jẹ́ ọmọ tó bí àrùn inú ẹ̀jẹ̀ wáyé, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Lọ́sàn-án, ẹni náà yóò kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn kó tó mu omi. Yóò nu ẹnu rẹ̀ dáadáa kó tó jáde síta, bí ẹni pé olè ló jà. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: ẹni tí àìsàn rẹ̀ kì í lọ, tó ń lo oògùn títí ayé, tí kò sì lè gba ààwẹ̀ bí àwa yòókù, ṣé ìjọ́sìn rẹ̀ dín sí tiwa ni? Ẹni tó sì fi agídí gbà á, tí dókítà ní kó má gbà á, ṣé akọni ẹ̀sìn ni?

Mo ní ìdí tí mo fi ń béèrè. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ta aṣọ ní Dùgbẹ̀, Ìyá Aláṣọ ni gbogbo wa máa ń pè é. Àtọ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, oògùn oníhóró ló sì ń lò. Kí Ramadan ọdún kan tó wọlé, dókítà ti sọ fún un pé kó má gba ààwẹ̀. Màmá dákẹ́, kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé, ó sì ń bá wa jẹ sàárì.

Lọ́jọ́ kọkànlá, lẹ́yìn ìrun Àsárì, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí bò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní orúkọ ẹni tó ti kú. Àwọn ọmọ rò pé àlùjọ̀nnú ló kọlù ú. Ọ̀kan ń ka Àyátúl-Kúrúsíyù sí i létí, èkejì ń bu omi sí i lórí. Ìyàwó ọmọ rẹ̀, tó mọ ibi tí màmá ń tọ́jú oògùn sí, ló pariwo pé ṣúgà ara rẹ̀ ló wálẹ̀. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n gún un níka, òǹkà tó yọ lójú ẹ̀rọ kò tó 40. Wọ́n fa omi ṣúgà sí i lára, kò sì pẹ́ tó fi lajú. Oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀ ló gbé mì ní sàárì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ ọ̀sán tí oògùn náà ń retí kò wọlé. Oògùn kò mọ̀ pé ààwẹ̀ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, mo bi í pé, "Màmá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa?" Ó ní, "Ṣé kí n wá jókòó láàárín ẹgbẹ́ àsàláátù mi, kí n ní èmi ń jẹun? Èmi tí mo máa ń gba àwọn ẹlòmíràn níyànjú?" Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó tún wá sọ pé, "Ọmọ mi, ìgbà tí mo bá ń gbààwẹ̀ nìkan ni mo máa ń rò pé n kò tíì di aláìsàn."

Ìdáhùn àkọ́kọ́ kò ṣòro láti fèsì sí. Ojú èèyàn ló ń wò, bẹ́ẹ̀ Ọlọ́hun ló ni ààwẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kejì wọ̀ mí lára, mi ò sì lè fi ìwàásù kan pa á rẹ́. Ẹni tí dókítà ti gba iyọ̀ àti ṣúgà lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò lè rìnrìn àjò láìdi àpò oògùn, ààwẹ̀ ló kù tó fi mọ̀ pé òun ṣì jẹ́ èèyàn bí èèyàn. Bí a bá gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀, kí la óò fi dípò? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sínú Àlùkùránì. Nínú Suratul-Baqarah, ẹsẹ 183 ni Ọlọ́hun ti pa ààwẹ̀ láṣẹ. Ní ẹsẹ 184 tó tẹ̀ lé e gan-an ló ti dárúkọ aláìsàn àti arìnrìn-àjò, pé kí wọ́n ka ọjọ́ tí wọn kò gbà, kí wọ́n gbà á nígbà mìíràn, tó sì sọ̀rọ̀ bíbọ́ aláìní. Ní ẹsẹ 185, níbi tó ti dárúkọ oṣù Ramadan fúnra rẹ̀, ó tún dárúkọ aláìsàn àti arìnrìn-àjò lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ṣàlàyé pé ìrọ̀rùn ni Òun ń fẹ́ fún wa, kì í ṣe ìnira. Ẹ wo bí èyí ṣe rí. Ẹni tó pàṣẹ kò jẹ́ kí àṣẹ náà dá dúró lójú ibì kan. Aláìsàn ti wà lọ́kàn Rẹ̀ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó jẹun lọ́sàn-án Ramadan nítorí àìsàn kò jáde kúrò nínú òfin. Inú ẹsẹ kan náà tí alààwẹ̀ wà lòun náà wà.

Àwọn onímọ̀ sì ti pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ yóò lọ, bí ibà, yóò san ààwẹ̀ náà padà nígbà tí ara rẹ̀ bá le. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní ìrètí pé yóò lọ, tí kò sì lè gba ààwẹ̀ rárá, fídíyà ni tirẹ̀, ìyẹn ni kó bọ́ aláìní kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bóyá ọ̀ranyàn ni fídíyà yìí tàbí ohun tí a fẹ́ kó ṣe, ọ̀rọ̀ wà lórí ìyẹn láàárín àwọn tó ń tẹ̀ lé Màlíkì àti àwọn mìíràn. Kí olúkúlùkù béèrè lọ́wọ́ alfáà rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé, "Ṣùgbọ́n ìnira ló ń mú láádá wá. Ànábì Ayyub ńkọ́?" Òótọ́ ni pé Ànábì Ayyub ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àìsàn náà. Ó sì ké pe Olúwa rẹ̀ nítorí ìnira tó bá a. Nígbà tí ìdáhùn dé, nínú Suratu Saad, ohun tí wọ́n ní kó ṣe ni pé kó fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, omi sì jáde fún un láti wẹ̀ àti láti mu. Ọba tó lè wò ó sàn láìsí omi ló fi omi ṣe sàbàbí. Sùúrù Ayyub kò ní kíkọ sàbàbí sílẹ̀ nínú.

Ẹlòmíràn tó mọ hàdíìsì lè mú èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ wá. Bukhari gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Abbas pé obìnrin kan tó ní wárápá wá bá Ànábì pé kó ṣe àdúà fún òun. Ànábì fún un ní yíyàn: bó bá fẹ́, kó ṣe sùúrù kí Àlùjánnà jẹ́ tirẹ̀, bó bá sì fẹ́, òun yóò ṣe àdúà kí ara rẹ̀ yá. Obìnrin náà yan sùúrù, ó kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó tọrọ kí aṣọ má máa ṣí lára òun nígbà tí àìsàn náà bá dé. Ṣé obìnrin yìí kò ti Ìyá Aláṣọ lẹ́yìn?

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ohun tí mo rí ni pé obìnrin náà fara da àìsàn tó wà lára rẹ̀. Kò fi òmíràn kún un. Ẹnu Ànábì ló ti gbọ́ ìlérí rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gba irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó wá ń fi ebi pa ara rẹ̀ lẹ́yìn ìkìlọ̀, kì í ṣe àìsàn ló ń fara dà, ewu tuntun ló ń dá sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Ọlọ́hun ti kọ̀ fún wa nínú Suratun-Nisaa, ẹsẹ 29, pé kí a má ṣe pa ara wa. Iyì tó wà nínú ìṣe obìnrin náà sì tún wà níbi ohun tó tọrọ: kò tọrọ pé kí àwọn èèyàn má mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn. Ó sọ ọ́ ní gbangba. Ìyá tiwa fi pamọ́, ìfipamọ́ náà ló sì fẹ́ pa á.

Àpẹẹrẹ kan tún wà tó yẹ kí gbogbo alfáà máa rántí. Abu Dawud gbà á wá pé ọkùnrin kan fi orí gbọgbẹ́ lójú ọ̀nà àjò, ó sì di dandan fún un láti wẹ ìwẹ̀ ọ̀ranyàn. Ó bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá òun lè ṣe tàyámọ́mù, wọ́n ní rárá, níwọ̀n ìgbà tí omi wà. Ó wẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí Ànábì gbọ́, ó bínú gidigidi. Ó ní àwọn ló pa á, pé kí ló dé tí wọn kò béèrè nígbà tí wọn kò mọ̀. Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹni tó fún aláìsàn ní fàtúwà tó le láìní ìmọ̀, kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló wà lẹ́nu òun.

Bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ kò jìnnà sí wa ní Ìbàdàn. Láti 1957 ni wọ́n ti ṣí ilé ìwòsàn ńlá UCH, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ dókítà ilẹ̀ wa ti kọ́ iṣẹ́. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti wádìí ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ àti àtọ̀gbẹ gan-an. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní 2001 ní orílẹ̀-èdè 13 láàárín Mùsùlùmí tó lé ní 12,000, wọ́n rí i pé nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn tó ní irú àtọ̀gbẹ tó wọ́pọ̀ lára àgbà ló gba ààwẹ̀ ọjọ́ 15 ó kéré tán. Ṣùgbọ́n kí ṣúgà wálẹ̀ débi tó fi gbé èèyàn lọ sí ilé ìwòsàn di ìlọ́po méje ó lé láàárín wọn ju ti oṣù mìíràn lọ. Ìyá Aláṣọ nìkan kọ́ ló ń ṣe é.

Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ gba ààwẹ̀. Àìsàn ju àìsàn lọ. Ìlànà tí àwọn dókítà gbé jáde ní 2021 pín àwọn aláàtọ̀gbẹ sí ọ̀nà mẹ́ta: ẹni tí ewu rẹ̀ kéré, ẹni tí tirẹ̀ wà láàárín, àti ẹni tí tirẹ̀ pọ̀. Ẹlòmíràn lè gbà á bí dókítà bá yí iye oògùn tàbí àkókò rẹ̀ padà. Nítorí náà, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lọ rí dókítà nígbà tí Ramadan ṣì ku bí oṣù méjì. Bó bá wà lẹ́nu ààwẹ̀ tí ṣúgà rẹ̀ wá lọ sílẹ̀ ju 70 lọ, tàbí tó gòkè ju 300 lọ, kó já ààwẹ̀ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀rù gígún ìka kó má sì ba ẹnikẹ́ni: ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Islam lágbàáyé tó ṣèpàdé ní Jeddah ní 1997 ti sọ pé gbígba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò kò ba ààwẹ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe èyí tó ń bọ́ ara. Ní ti ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, àìmu omi tó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ há sínú iṣan, kí ìrora egungun dé. Kí òbí má fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbà á láti ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Kì í ṣe ẹ̀sìn tiwa nìkan ni ìbéèrè yìí bá. Ní ilẹ̀ Thailand, àwọn ọkùnrin kan wà nínú ẹ̀sìn Buddha tí wọ́n fi ayé wọn jẹ́jẹ̀ẹ́. Wọn kì í níyàwó, wọn kì í jẹun mọ́ bí oòrùn bá ti kan àtàrí, ohun tí ará ìlú bá sì bù sí abọ́ wọn láàárọ̀ ni wọ́n ń jẹ. Oúnjẹ tí èèyàn ń bù fún wọn máa ń dùn, ó sì máa ń sanra, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru sì di ìṣòro láàárín wọn, débi pé ní 2017 wọ́n ní láti gbé ìwé àdéhùn kan kalẹ̀ lórí ìlera wọn. Bẹ́ẹ̀, nínú òfin wọn àtijọ́, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá lè lo oògùn lẹ́yìn ọ̀sán. Wọ́n sì ń sọ ìtàn pé olórí wọn bá ọ̀kan nínú wọn tí àrùn inú ti dá wólẹ̀, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pa tì nítorí pé kò wúlò fún wọn mọ́. Ó wẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì bá àwọn yòókù wí.

Ìgbàgbọ́ wọn kì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n tiwa ti sọ èyí tó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú hàdíìsì tí Muslim gbà wá, pé ní ọjọ́ ìgbéǹde Ọlọ́hun yóò bi èèyàn léèrè ìdí tí kò fi bẹ Òun wò nígbà tí Òun ṣàìsàn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹrú Rẹ̀ kan ṣàìsàn, òun kò sì débẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ lára ọ̀rọ̀ Thailand ni pé ẹni tó ń bu oúnjẹ náà ní ọ̀rọ̀ láti jẹ́. Kí la ń gbé síwájú àwọn aláìsàn wa nígbà ìṣínu? Ọtí ẹlẹ́rìndòdò, àkàrà tó mu epo yó, ẹran díndín. Bí bàbá bá sì ní òun kò lè mu ún, a ó ní, "Ẹ mu díẹ̀, láádá ni." Láádá ta ni?

Mo wá padà sí ìbéèrè Ìyá Aláṣọ: kí la óò fi dípò? Hàdíìsì méjì ló fún mi ní ìdáhùn. Nínú àkọ́kọ́, tí Bukhari gbà láti ọ̀dọ̀ Abu Musa, Ànábì sọ pé bí ẹrú Ọlọ́hun bá ṣàìsàn tàbí tó rìnrìn àjò, wọ́n á máa kọ iṣẹ́ tó máa ń ṣe nígbà tó wà ní àlàáfíà sílẹ̀ fún un. Ìyá tó fi ogójì ọdún gbààwẹ̀, ìwé rẹ̀ kò tíì pa dé. Èkejì, láti ọ̀dọ̀ Anas, sọ nípa ìrìn àjò kan nínú ooru líle. Àwọn kan ń gbààwẹ̀, àwọn kan kò gbà á. Nígbà tí wọ́n dé ibùdó, àwọn alààwẹ̀ ṣubú lulẹ̀ nítorí àárẹ̀. Àwọn tí kò gbààwẹ̀ ló pa àgọ́ tí wọ́n sì fún ẹran ní omi. Ànábì ní àwọn tí kò gbààwẹ̀ ló kó láádá ọjọ́ náà lọ.

Ẹ wò ó, ará mi. Wọ́n jẹun, wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n sì gba láádá. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n lọ jẹun lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Nígbà tí Ramadan ọdún kejì ń bọ̀, ọmọ rẹ̀ àti alfáà àdúgbò jọ tẹ̀ lé Ìyá Aláṣọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà sọ ti ara, alfáà sọ ti ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ méjèèjì sì bára mu. Ní òru tí wọ́n rí oṣù, màmá sunkún. Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹkún náà kò tán lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ó mú owó fídíyà rẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ kó o fún ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀kan náà. Lójoojúmọ́ ló ń se oúnjẹ tí aláìní kan yóò jẹ ṣínu, tó sì ń bù ú fún un fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday àkọ́kọ́, ó dìde láàárín ẹgbẹ́ àsàláátù rẹ̀ ó ní, "Èmi kò gbààwẹ̀ o, àtọ̀gbẹ ló wà lára mi, Ọlọ́hun ló yọ̀ǹda mi." Ilé dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn na ọwọ́ sókè, ó ní, "Èmi náà."

Ẹ̀yin èwe, ẹ máa wo inú ilé yín dáadáa. Ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn kó tó mu omi, ẹ ṣí i fún un. Ẹ̀yin aṣáájú àsàláátù, kí Ramadan tó dé, ẹ sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ alààwẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Àlùkùránì ti ṣe é. Ìyọ̀ǹda Ọlọ́hun, ọrẹ ni. Ẹni tó bá sì gba ọrẹ lọ́wọ́ Ọba kì í tijú.

Kí Ọlọ́hun wo àwọn aláìsàn wa sàn, kí ó fún àwọn tí tiwọn kì í lọ ní sùúrù tó ní ọgbọ́n nínú, kí ó sì gba ìjọ́sìn alààwẹ̀ àti ti ẹni tí Ó yọ̀ǹda. Àmín. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.